Òdòdó Obì Tí Wọ́n Pè Ní Ààlè

Ẹ̀jẹ̀ ni Ìdíátù kọ́kọ́ rí lára Dúrótìmí kó tó rí ojú rẹ̀ dáadáa. Àwọn olólùfẹ́ mìíràn a máa pàdé nídìí ẹ̀rọ omi tàbí níbi ìgbéyàwó ẹbí, wọn a rẹ́rìn-ín síra wọn, ọ̀rọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ti ọ̀rẹ́ mi kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi Modúpẹ́, aránṣọ ní Mákún ní Ṣàgámù, èmi ni mo ṣe alárenà wọn, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ sì ṣe. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì sọ fún un pé irọ́ ló pa.

Ọdún 1982 ni. Alhaji Yúnúsà, bàbá Ìdíátù, wà lára àwọn tó ń kó obì gbànja lọ sí Òkè Ọya, ìṣọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí Sábọ́. Lọ́jọ́ yẹn, Ìdíátù jókòó ti òkìtì obì, ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dára. Bẹ̀llò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ń fi bẹ́líìtì na alágbàṣe kan tó da agbọ̀n obì sínú ẹrọ̀fọ̀. Bẹ̀llò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé ọwọ́. Ọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká yà wọlé, ó sì di bẹ́líìtì náà mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó báyìí. Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Ẹ̀ṣẹ́ kan péré ni Bẹ̀llò fún un nímú, ọkùnrin náà sì fi ẹ̀yìn balẹ̀ sórí obì tí Ìdíátù ti ń ṣà láti àárọ̀.

"Ẹ ti da obì mi rú," ni Ìdíátù wí. Ohun àkọ́kọ́ tó bá a sọ láyé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. "Ta ló ní kí ẹ dá sí i?"

"Kò sẹ́ni kankan. Bàbá yín ni mo wá rí. Nítorí obì ni mo ṣe wá."

"Obì náà ló wà lábẹ́ ìdí yín yẹn. Ẹ kúrò lórí rẹ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, tòun ti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìdíátù wá bá mi nídìí màṣíìnì. Ó ní, "Modúpẹ́, mo rí wèrè kan lónìí." Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé wèrè ọ̀hún ti wọ̀ ọ́ lára. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ màṣíìnì mi.

Dúrótìmí Ṣóbọ̀wálé lorúkọ wèrè náà, ọmọ Ìsarà ni, tíṣà sì ni bàbá rẹ̀ kó tó di olóògbé. Yunifásítì kan ló rán an wá ṣe ìwádìí nípa igi obì: kí ló fà á tí àwọn igi kan fi ń yọ òdòdó lọ́dọọdún tí wọn kì í so? Alhaji Yúnúsà ní irú igi bẹ́ẹ̀ lóko rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá rẹ̀ ló gbìn wọ́n. Tí òdòdó bá ti yọ, àwọn ará oko a mú àdá, wọn a máa ṣá ìdí igi náà, wọn a máa halẹ̀ mọ́ ọn pé, "Bó ò bá so lọ́dún yìí, a ó gé ọ lulẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ara àwọn igi náà kún fún àpá, síbẹ̀ wọn ò so.

Ìdíátù ló sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ lóko fún mi. Dúrótìmí fọwọ́ pa ibi tí àdá ti ṣá igi náà, ó ní, "Alhaji, igi yìí kò yàgàn o. Ẹni tó wù ú ni kò tíì rí."

"Kí lo wí?"

"Lẹ́búlẹ́bú kan ń bẹ nínú òdòdó, sà. Igi obì kì í gba ti ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, kì í gba ti igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà. Àmọ́ tí a bá bu ti igi tó wà lọ́nà jíjìn wá fún un, ó lè gbà."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Alárenà igi ni ìwé tí o kà sọ ọ́ dà! Ó dáa, máa ṣe é. Bí wọ́n bá so, mo gbà fún ọ. Bí wọn ò bá so, iná ni n ó fi wọ́n dá."

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Dúrótìmí ní tí òun bá ti fi lẹ́búlẹ́bú igi mìíràn kan òdòdó, àfi kí òun bo òdòdó náà, kí kòkòrò má baà gbé ti ibòmíràn wá bá a. Ó ní kí n rán àpò kéékèèké fún òun, kó fẹ́lẹ́ bíi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ó ra òwú pupa tí yóò fi so ó, kó lè máa rí i láti ilẹ̀. Ó tún gé páànù sí wẹ́wẹ́, ó kọ nọ́ńbà sára rẹ̀, ó so ìkọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀ka.

Mo wò ó, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò rí i pé nǹkan yìí jọ ààlè?"

"Ààlè kẹ̀? Sìsí Modúpẹ́, nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Ìsarà! Ọmọ tíntín ní Rẹ́mọ mọ̀ pé tí o bá rí àkísà àti òwú pupa lára igi olóko, kí o yẹra. Ẹni tó so ó ti ṣépè mọ́ ọn, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án, ohun tó bá rí, kó fara mọ́ ọn. Àfi bí ẹni pé ìwé ti lé ọgbọ́n ilé jáde lórí rẹ̀.

Ìdíátù wá di ẹni tí oko ń wù. Òdòdó obì kì í dúró de ọ̀lẹ, àárọ̀ kùtù ló ń là, àárọ̀ kùtù náà ni Ìdíátù ń lọ, ó ní òun fẹ́ wo àwọn alágbàṣe. Irọ́ ni. Àkàbà ló ń bá Dúrótìmí dì mú. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń gòkè, tó ń fi òdòdó kan òdòdó, tó sì ń so àpò. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti Dúrótìmí lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo kó àpò tuntun lọ bá wọn, mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lórí gbòǹgbò igi.

"Kìrìsìtẹ́nì ni ẹ́," Ìdíátù ń wí. "Bàbá mi ò ní gbà."

"Mo mọ̀."

"Bẹ̀llò máa pa ẹ́."

"Ó ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Imú nìkan ló rí fọ́."

"Má fi ṣeré, Tìmí! O ò mọ̀ wọ́n. Nílé wa, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu kó tó di ti pàṣán."

Dúrótìmí ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Ìdíá. Tí wọ́n bá fẹ́ lù mí nítorí ẹ, kí wọ́n lù mí." Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin máa ń sọ nìyẹn kí wọ́n tó lù ú.

Ẹnìkan lọ sọ fún Alhaji. Ìdíátù ni wọ́n kọ́kọ́ nà. Bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì fi pàṣán lù ú títí ọwọ́ fi ro òun fúnra rẹ̀, ó ń pariwo pé òun kò ní bímọ fún Kiriyó fẹ́. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù mi, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń rẹ ẹ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, ó payín keke, kò sunkún.

"Gbàgbé ọkùnrin yìí," mo ní. "Ọkùnrin pọ̀ nílẹ̀."

"Modúpẹ́, kì í ṣe ẹgba ló ń dùn mí. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò mọ èyí tó fẹ́ nínú èmi àti igi yẹn. Tó bá ń sọ̀rọ̀ òdòdó, ojú ẹ̀ máa ń tàn. Mi ò dẹ̀ mọ̀ bóyá ó máa ń tàn bẹ́ẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀ mi."

"Bi í."

"Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í."

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri, tí màṣíìnì mi ń dúró lásán. Alhaji ní kí Dúrótìmí parí iṣẹ́ rẹ̀ lóko kó sì máa lọ, nítorí òun ti ṣèlérí. Ó ní tí òun bá tún rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdíátù, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn. Ọlọ́run mọ̀ pé ó ṣàn.

Àárín òjò ni. Alhaji rán Fábíyìí pé kó lọ gé àfòmọ́ kúrò lórí àwọn igi náà. Fábíyìí ló máa ń gun igi fún wọn, ẹni jẹ́jẹ́ ni, òun ló sì kọ́ Bẹ̀llò ní igi gígùn nígbà tí Bẹ̀llò ṣì kéré. Ó gun igi tí àpò kún lára rẹ̀. Èmi àti Ìdíátù ń bọ̀ lọ́nà oko nígbà tí a gbọ́ ariwo. Kí a tó débẹ̀, Fábíyìí ti wà nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti yí, ó ti kú. Òjò ló pa Fábíyìí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ara igi ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé àdá dìde sí òjò?

"Ààlè ni!" ni ẹnìkan kígbe. "Ẹ wò ó lára igi! Òwú pupa! Ọkùnrin Ìsarà yẹn ló so ààlè mọ́ igi onígi!"

Àwọn ènìyàn ya dé láti oko ìtòsí, pẹ̀lú àdá, pẹ̀lú kùmọ̀. Bẹ̀llò kúnlẹ̀ ti Fábíyìí, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń mì ín pé kó dìde. Nígbà tó gbójú sókè, mi ò mọ ojú rẹ̀ mọ́. Dúrótìmí ń sáré bọ̀ láti ìdí igi kejì.

"Kí lo so mọ́ igi bàbá mi?"

"Àpò ni, Bẹ̀llò. Nítorí kòkòrò ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé Fábíyìí..."

"Má fi ẹnu ẹ pe orúkọ rẹ̀!"

Bẹ̀llò gbé àdá sókè. Dúrótìmí gbé ọwọ́ òsì bo orí, àdá sì bà á nígùnpá. Mo gbọ́ ìró egungun. Títí di òní, tí apẹran bá ń gé egungun lọ́jà, mo máa ń kọjá sí òdìkejì. Ó ṣubú, ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àwọn yòókù sì dà bò ó. Wọ́n fi kùmọ̀ lù ú lẹ́yìn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí. Ọkùnrin kan ń pariwo pé kí wọ́n gbé kẹrosíìnì wá. Alhaji Yúnúsà dúró lẹ́bàá ahéré, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní kí wọ́n lù ú, kò sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìdíátù já wọ àárín wọn. "Èmi ni mo so ó! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi so ó!" Bẹ̀llò fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu, ó ṣubú, ó tu itọ́ ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Àfi bí mo ṣe rí i tó gbá àkàbà mú, tó gbé e ti igi tó pa Fábíyìí, tó sì ń gòkè lọ.

"Ẹ wò mí! Gbogbo yín, ẹ wò mí!" Ó na ọwọ́, ó já àpò kan, ó fà á ya. "Ṣé ẹ ní ààlè ni? Mo ti já a. Kó pa mí!"

Kùmọ̀ dúró lọ́wọ́ wọn. Bó ti wù kí o lágídí tó, o ò ní ṣe ohun tí Ìdíátù ń ṣe yẹn ní Rẹ́mọ. Ìyá àgbà kan fi ọwọ́ bo ojú. Alhaji la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, "Ìdíátù! Sọ̀kalẹ̀!" Kò sọ̀kalẹ̀. Ó já òmíràn, ó tún já òmíràn, ó ń da òdòdó tó ti já sínú wọn lé wọn lórí.

"Kí lẹ rí níbẹ̀? Ṣé abẹ́rẹ́ ni? Ṣé egungun ni? Òdòdó ni! Òdòdó obì yín ni!"

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan láti inú ẹrẹ̀. Dúrótìmí ti gbé ojú sókè díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dí ojú rẹ̀ kan.

"Ìdíá... má tú u. Jọ̀ọ́. Má tú u."

Gbogbo iṣẹ́ ọdún náà ló wà nínú àwọn àpò yẹn. Ẹ jẹ́ kó yé yín: wọ́n fẹ́ dáná sun ún, òdòdó ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìdíátù gbọ́ ọ. Mo rí i pé ó gbọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà omijé bọ́, ó sì ń já a lọ. Ó já ti igi yìí tán, ó gbé àkàbà lọ sí ìdí èkejì, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti fọwọ́ kan ẹni tí ààlè fẹ́ pa. Wọ́n ń retí pé kó ṣubú. Kò ṣubú. Nígbà tí kò ku ẹyọ kan, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró níwájú Bẹ̀llò, ó ń mí gúlegúle.

"Mo wà láàyè," ló wí. "Jẹ́ kí n gbé e."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ Bẹ̀llò. Ẹni tó gbé kẹrosíìnì wá gbé e padà, àwọn yòókù sì ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti Ìdíátù la gbé Dúrótìmí sẹ́yìn ọkọ̀ akóbì lọ sí ọsibítù.

Ọwọ́ náà kò gé, ṣùgbọ́n kò nà mọ́, àwọn ìka rẹ̀ sì kú. Nígbà tí Dúrótìmí lajú, Ìdíátù ló kọ́kọ́ rí, ètè rẹ̀ ṣì wú.

"Ṣé ó ku ọ̀kankan?" ló bi í.

"Rárá."

Ó yí ojú sí ògiri. Mo rí ọ̀rẹ́ mi bó ṣe dúró, bí ẹni tí wọ́n tún na ní pàṣán. Ìbéèrè tó ti ń bà á lẹ́rù, ó ti rí ìdáhùn rẹ̀ láìbéèrè.

Ìyá Dúrótìmí, Màmá Adétóun, dé láti Ìsarà lọ́jọ́ kejì. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Ìdíátù.

"Ṣé ìwọ ni ọmọ wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà..."

Ó gbá a létí, ọwọ́ náà ró káàkiri wọ́ọ̀dù. "Ọmọ ọlọ́wọ́ méjì ni mo rán sí Ṣàgámù! Jáde!" Ìdíátù kúnlẹ̀, ó kí i pé ó dìgbà, ó sì jáde.

Ọlọ́pàá mú Bẹ̀llò, wọ́n tún tú u sílẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó wà lóko ló ní òun kọ ẹ̀yìn síbẹ̀. Ìdíátù àti èmi nìkan la lọ sọ ohun tí a rí. Alhaji da ẹrù Ìdíátù síta nítorí ìyẹn, bó ṣe di ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Ó ń bá mi fi ọwọ́ rán eteetí aṣọ. Kò dárúkọ Dúrótìmí, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sáàrin wa bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, Alhaji Yúnúsà yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Pádì obì tútù kan, èso obì tòun ti èèpo rẹ̀, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e ka orí màṣíìnì mi.

"Wọ́n so," ló wí. "Igi tí bàbá mi gbìn, tó kú láìrí èso rẹ̀. Ìdíátù, wọ́n so." Omi wà lójú rẹ̀. "Níbo ni ọmọkùnrin náà wà?"

Ìdíátù ò gbójú sókè lórí aṣọ. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ gbé wà nígbà tí wọ́n ń gé e lọ́wọ́."

Alhaji ní, "Tó bá wá tọrọ ẹ, mi ò ní kọ̀. Àmọ́ mi ò ní so yìgì fún Kìrìsìtẹ́nì. Ìdána ẹbí nìkan ni." Ó sì lọ. Mo ní kí n bú sẹ́rìn-ín: ẹni tí kò wá tọrọ, wọ́n ti gbà fún un.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsarà. Mo bá Dúrótìmí lẹ́yìnkùlé, ó ń wo igi obì bàbá rẹ̀ àgbà, apá rẹ̀ ká kò bí ẹsẹ̀ adìẹ. Mo sọ fún un pé àwọn igi náà so.

"Kò fi nǹkan kan hàn," ló wí. "Tí wọ́n bá ti tú àpò, kòkòrò ti lè gbé ti ibòmíràn wá. Kò sẹ́ni tó máa gbà á gẹ́gẹ́ bí ìwádìí."

"Bọ̀ọ̀dá Dúrótìmí, ẹ ṣe jẹ́jẹ́ o! Ọmọbìnrin kan fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ fún yín níwájú gbogbo ayé, ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ kòkòrò! Ó ṣe tán, kó lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin, ẹ fẹ́ igi."

Ó fi ọwọ́ tó dáa bo ojú. "Sìsí Modúpẹ́, kì í ṣe pé mò ń bínú sí i. Ojú rẹ̀ ni mi ò lè wò. Òun ń gba ẹ̀mí mi là, èmi ń bẹ̀ ẹ́ nítorí òdòdó. Irú ènìyàn wo ni èmi? Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn ara mi nínú ẹrẹ̀ yẹn."

"Nígbà náà, ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ má sọ ọ́ fún mi."

Èmi kọ́ ni mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn. Iṣẹ́ alárenà ní ibi tó ń mọ. Ìdíátù ni mo fà lọ́wọ́ lọ sí Ìsarà nígbà tí òdòdó tún yọ, mo tì í wọ ẹ̀yìnkùlé, mo sì jókòó ti Màmá Adétóun lójúde. Màmá yí ẹ̀yìn sí mi nígbà tí mo kí i. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn wọn.

"Ṣé èmi ni àbí igi?" Ìdíátù ló ń kígbe. "Sọ ọ́! Sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ!"

"Ìwọ ni! Ìwọ ni, Ìdíá! Ìbá ṣe pé o sun gbogbo oko, ìwọ ni!"

Ẹkún tẹ̀ lé e, ti ẹni méjì. Kò pẹ́ ni ariwo tún bẹ̀rẹ̀, Dúrótìmí ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń so àpò mọ́ òdòdó nìyẹn, Ìdíátù ní kó gun igi fúnra rẹ̀ tó bá lè gùn ún, kó má pàṣẹ fún òun látilẹ̀. Màmá Adétóun gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń jiyàn, tí kò ti jiyàn láti ọjọ́ tó ti kúrò ní ọsibítù. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ká a mọ́nú. "Ọmọbìnrin yìí lẹ́nu," ló bá mi sọ. "Sọ fún un kó wá jẹun."

Lẹ́yìn Iléyá ọdún 1983 la ṣe ìdána nílé Alhaji ní Ṣàgámù. Ẹbí ìyàwó jókòó yíká lórí àga, Bẹ̀llò wà níwájú nínú agbádá tuntun, ó ń wo ilẹ̀. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ yẹn. Màmá Adétóun di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Modúpẹ́, ṣé dandan ni kó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn yìí?"

"Àṣà ni, mà."

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń retí pé kí ẹbí ìyàwó ní kí àwọn dìde. Dúrótìmí fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀, ó ń wá bí yóò ṣe lọ sílẹ̀. Apá òsì kò gbé e. Ó yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, ó gbé ara ró. Òógùn bò ó.

"Àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ o!" ni ìyàwó ilé kan kígbe láti ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

Inú yàrá ló yẹ kí Ìdíátù wà, kó máa dúró dè wá títí a ó fi pè é. Ó jáde láìsí ẹni tó pè é, ó ṣí aṣọ kúrò lójú.

"Tìmí, nàró."

"Ìdíátù, padà sínú!" ni ìyá àgbà kan wí.

"Mi ò padà. Ẹ ní kó dọ̀bálẹ̀? Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí yìí rí. Lóko ni, lábẹ́ igi. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ náà kan ilẹ̀, gbogbo yín lẹ sì rí i. Títí di òní olónìí, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé kó dìde."

Mo fa Dúrótìmí lápá ọ̀tún, ó nàró, ó dúró gbọnin. Bẹ̀llò gbé ojú kúrò nílẹ̀, ó wo apá tó ká kò yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, kò fi agbádá bo ojú. Kò sẹ́ni tó lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Alhaji Yúnúsà dìde lórí àga rẹ̀. Ó kọjá lára àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó tí wọ́n ṣì wà nílẹ̀, ó wá dúró níwájú Dúrótìmí tó fi orí ga jù ú lọ. 

"Dìde," ló wí nígbẹ̀yìn. "Dìde, ọmọ mi."

Ẹni tó ti wà lórí ìdúró ló ń sọ ọ́ fún. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.